Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Dé Ìlú Tí Oko Ń Gun Òkè

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ máa bó o lọ, ọwọ́ yín kò dí etí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀fun àgbà kì í ṣe ti àkùkọ. Ọdẹ ni mí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú, ẹ sì mọ̀ pé bí ọdẹ méje bá jókòó síbì kan, irọ́ mẹ́jọ ló máa ń wà níbẹ̀. N kò ní sọ ẹni tó pa méjì. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin tó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran àti bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn. Bí ó bá ṣe pé ó wà láàyè ni, òun ni ì bá jókòó síbí, à bá sì wà lórí oríkì rẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi ni n óò ṣe sọ ọ́ fún yín, àfi ibi tí irọ́ rẹ̀ bá ti ga jù, n óò bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.

Nígbà ayé ọ̀gá mi, ìlú wa, Òkè-Ìgbín, ní igbó níwájú, ó ní igbó lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ kan bá ti rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀, wọn a gé igbó mìíràn, wọn a dáná sun ún, wọn a gbin iṣu sí i. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí igbó fi ku méjì péré: Igbó Ńlá tó wà níhà ìlà-oòrùn, àti igbó kékeré tó yí orísun omi ìlú ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Igbó Orísun. Nígbà tó di ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, Igbó Ńlá jó. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jó. Àwọn igi irúgbá inú rẹ̀ kú tán, bẹ́ẹ̀ èyí tó kéré jù nínú wọn ju bàbá bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Gbogbo ìlú ní ààrá ló sán. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ààrá ni? Ọdẹ́rìndé ni. Ta ló ṣáná sí koríko gbígbẹ kí ó lè lé ọ̀yà kan ṣoṣo jáde? Ọdẹ́rìndé yìí kan náà ni. Òun àti ọ̀yà náà nìkan ló mọ̀, ọ̀yà sì ti sá lọ.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn ún. Irú ni Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Ọdẹ́fúnkẹ́ ọmọ wọn, ń ṣe tà. Igi irúgbá mọ́kànlá tí ìyá Àmọ̀kẹ́ fi sílẹ̀ fún un wà nínú Igbó Ńlá, kò sì sí èyí tó kù. Àmọ̀kẹ́ jókòó ti eérú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá mi jókòó tì í, ó ń fi etí aṣọ nu omijé rẹ̀, ó ń sọ pé, “Má sunkún mọ́. Ta ló lè bá ààrá jà?” Ẹ gbọ́ ẹnu! Láti ọjọ́ náà ni irọ́ yẹn ti di egungun ẹja sí i lọ́fun, kò lè gbé e mì, kò sì lè pọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìkórè ọdún kejì dé, iṣu tí wọ́n wà kò ju àtàǹpàkò lọ. Baálẹ̀ kó ìlú jọ, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ebi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Igbó Orísun ló kù. A ó gé e, a ó sì fi dáko.”

Àgbà kan ní, “Baálẹ̀, bí igi ibẹ̀ bá lọ, orísun á gbẹ.”

“Mo mọ̀,” ni Baálẹ̀ wí. “Ṣé omi ni a ó máa jẹ?”

Ọ̀gá mi gbọ́ èyí. Ó mọ̀ pé bí kò bá ṣe iná òun ni, kò sẹ́ni tí ì bá máa gbójú sí Igbó Orísun. Bí orísun bá gbẹ, òun ló gbẹ ẹ́. Ó fò dìde láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ẹ fún mi láyè! Èmi ó la igbó àwọn iwin kọjá, èmi ó sì wá igbó tuntun fún yín, igbó tí ọmọ ọmọ yín kò ní gé tán!”

Baálẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, ọjọ́ tí o ní o pa erin, ìrù ewúrẹ́ lo mú wá han wá.” Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tí yóò dì mú. Baálẹ̀ fún un láyè: ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí wọ́n ka ọjọ́ méje, bí ó bá pé ọjọ́ méje tí kò dé, àáké yóò wọ Igbó Orísun. Ọ̀gá mi kó ìbọn, ó kó ìṣáná, ó di iṣu sísun, ó lọ.

N kò ní fi bí ó ṣe rìn dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó pàdé nínú igbó àwọn iwin ni àǹjọ̀nú kan tí wọ́n ń pè ní Ojúlórúnkún, nítorí pé orí eékún ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Bí ó bá fẹ́ wo òkè, àfi kí ó dùbúlẹ̀ kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ojúlórúnkún fi ìbínú ké pé, “Ta ló fi òórùn ènìyàn ba igbó mi jẹ́?”

Ọ̀gá mi lu àyà. Ó ní, “Èmi Ọdẹ́rìndé ni! Èmi tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà! Èmi tí àgbọ̀nrín gbọ́ orúkọ mi tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ awọ sílẹ̀!”

Ó ní àwọn jà fún ọjọ́ mẹ́ta, igi kò dúró, òkúta kò dúró, òun sì gbé Ojúlórúnkún lulẹ̀ ní ìgbà ọgọ́ta. Ó dára. Èmi ni mo máa ń fi àdí pa á lára lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, mo sì rí àpá ọgbẹ́ tí ó gbà níbi ìjà náà. Ìdí ló wà. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò: ẹni tó ń gbé ẹlòmíràn lulẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe rí ìdí rẹ̀ ṣá? Èyí tó dá mi lójú ni pé ó kọjá níbẹ̀, ó sì yára kọjá.

Ibi tí ó sá dé ni ahoro kan tí kò ní igi, tí kò ní koríko, tí ilẹ̀ rẹ̀ là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Obìnrin kan jókòó sáàárín rẹ̀. Ó gbẹ débi pé a lè ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku ni irun rẹ̀, eruku ni aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ, àlọ́ kan wà. Bí o kò bá já a, ibí ni o óò di eruku sí. Ta ló ń bọ́ gbogbo ilé, tí ẹnì kankan kì í bi í pé ṣé ó ti jẹun?”

Ọdẹ́rìndé ronú títí òógùn fi bò ó. Ó ronú kan ilé ara rẹ̀, ó rántí ẹni tó máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó kígbe pé, “Ìyàwó mi ni!”

Obìnrin náà wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, eruku sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. “O kò já a,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n o kò jìnnà sí i. Èmi ni. Ilẹ̀ ni mí, Ilẹ̀ Tó Rẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan gbin iṣu sí mi lára, wọ́n wà á, wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n ya á, wọ́n gbé e lọ. Èèpo iṣu ńkọ́? Wọ́n dà á sódò. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ńkọ́? Wọ́n gbá a dà nù. Ewé ńkọ́? Wọ́n dáná sun ún. Ọjọ́ tí n kò rí nǹkan fún wọn mọ́, wọ́n ní mo ti burú, wọ́n sì kọjá sọ́dọ̀ àbúrò mi.”

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni ọ̀gá mi wí. “Ará ibo ni àwọn aláìláàánú yẹn?”

“Ará Òkè-Ìgbín.”

“N kò mọ ibẹ̀ rí,” ni ọ̀gá mi wí.

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà dáadáa, orúkọ ìlú rẹ̀ a máa fò lọ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ Tó Rẹ̀ ní, “Ìwọ tí o kò mọ ibẹ̀, kí ló wà nínú àpò rẹ?” Iṣu sísun ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi jẹ iṣu, ó fún un ní èèpo. Ó gba èèpo náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ewé tútù kékeré kan sì yọ létí rẹ̀. Ó na ìka, ó fi ọ̀nà hàn án.

Ọ̀nà yìí ló gbé e dé ìlú tí mo ń sọ. Ilẹ̀-lórí-Ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àpáta ni gbogbo ibẹ̀, ẹ kò lè rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní àtẹ́sùn. Bẹ́ẹ̀ ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, itan wọn sì le bí odó nítorí àkàbà tí wọ́n ń gùn tí wọ́n ń sọ̀. Bí ẹnì kan bá pàdé ẹnì kejì, “Ẹ kú àgùnsọ̀ o” ni wọ́n ń kí ara wọn. Igbó ńlá yí ìlú náà po, igi rẹ̀ kò rí àáké rí, ìkùukùu sì jókòó lé e lórí láràárọ̀.

Obìnrin arúgbó kan ni olórí wọn. Ìyálóko ni wọ́n ń pè é. Ó kéré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn kọjá orúnkún. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Ìyá, mo ti rí ilé yín, mo ti rí àpáta yín. Oko yín dà?”

Ìyálóko fẹnu júwe òkè. Ọ̀gá mi wo òkè títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́.

Wọ́n ti la ọparun sí méjì-méjì, wọ́n tò ó lé àwọn òpó lórí, ọ̀kan lókè ọ̀kan, ipele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ilẹ̀ dúdú ló kún inú ọparun kọ̀ọ̀kan, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sì ń wú níbẹ̀, ata ń pọ́n, tòmátì so wálẹ̀, ilá nàró. Lókè pátápátá ni wọ́n ti ń da omi. Ọparun àkọ́kọ́ mu díẹ̀, ó jẹ́ kí ìyókù kán sí èkejì, èkejì jẹ́ kó kán sí ẹ̀kẹta, títí ó fi dé adágún kan nísàlẹ̀ tí ẹja àrọ̀ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Omi tí ẹja ti dọ̀tí yìí ni wọ́n tún ń pọn lọ sókè, nítorí ewébẹ̀ fẹ́ràn ìdọ̀tí náà ju bí àwa ṣe fẹ́ràn ẹja lọ. Èèpo, ewé tó gbó, ìgbẹ́ adìẹ, kò sí èyí tí wọ́n ń dà nù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sídìí òpó, wọ́n fi ewé gbígbẹ bò ó, ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ó ń di ilẹ̀. Iṣu wọn, inú àpò ńlá tí wọ́n rọ ilẹ̀ yìí sí ló wà.

“Ìyá,” ni ọ̀gá mi wí, “èyí kì í ṣe oko. Pẹpẹ tí a ń to àwo sí ni.”

“Pẹpẹ ni lóòótọ́,” ni Ìyálóko dáhùn. “Ohun tó wà lórí pẹpẹ la sì ń jẹ. Ṣé ẹ̀yin ń jẹ pẹpẹ níbi tí o ti wá ni?” Àwọn tó wà lórí àkàbà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí ọ̀gá mi lórí.

Ó gbọn omi kúrò lójú, ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní igbó ni àwọn ń wá, kí Ìyálóko fún àwọn ní ọ̀kan nínú èyí tó yí wọn ká, kí àwọn gé e.

“Bí ẹ bá jẹ ìyẹn tán ńkọ́?”

“A ó wá òmíràn.”

“Bí ẹ bá jẹ òmíràn tán?”

“Ayé fẹ̀, Ìyá.”

“Ta ló bá ọ wọ̀n ọ́n?”

Ìyálóko kò retí èsì, ó ní, “Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó a yó. Sùn sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o máa wò. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin bá mọ́, mú igbó tó wù ọ́, kí o sì máa lọ.” Inú ọ̀gá mi dùn. Ó rò pé òun ti yanjú ọ̀ràn náà, ó ku kí òun wá bí òun ó ṣe máa sọ ọ́ nílé.

Ọjọ́ kìíní lọ, ọjọ́ kejì lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi jókòó sábẹ́ pẹpẹ tó ga jù, ó ń fi ata tútù jẹ iṣu. Ọ̀yà kan kọjá. Ẹ̀yin ará ibí yìí, mo ti jẹ ọ̀yà títí irun orí mi fi funfun, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní èyí sanra tó àgbò ọdún iléyá. Ọ̀yà náà wọ inú òkìtì ewé gbígbẹ tó wà nídìí òpó. Ọ̀gá mi kò ro nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń rò. Ó bu eruku, ó dà á sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó bọ́ sẹ́yìn atẹ́gùn, ó ṣáná sí ewé, ó mú ìbọn, ó ń retí kí ọ̀yà jáde.

Iná orí pápá, iwájú ló ń lọ. Ìyẹn ni ọdẹ mọ̀. Ẹ sọ fún mi, níbo ni iná ń lọ bí oko bá jẹ́ òkè? Iná náà gun ọparun àkọ́kọ́, ó gun èkejì, ó gòkè bí ẹni pé wọ́n tẹ́ àkàbà fún un. Àwọn ènìyàn sá jáde tìgbá-tìkòkò, wọ́n fi omi adágún pa á, ṣùgbọ́n ipele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di èédú kí ó tó kú. Ọ̀yà ńkọ́? Ọ̀yà gba ẹ̀yìn lọ.

Wọ́n mú ọ̀gá mi wá síwájú Ìyálóko. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kọ́gbọ́n. Ó ní, “Ìyá, àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

“Òótọ́ ni wọ́n sọ,” ni Ìyálóko wí. “Ìwọ ni o óò bu ẹwà náà sí i.” Ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé korobá lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ọ̀gá mi rí. Ó gé ọparun, ó là á, ó tò ó. Ó po èèpo pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, òórùn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó gbin irúgbìn, ó fi àgbàrá omi wọ́ ọ nù lọ́sẹ̀ kìíní nítorí pé ó ń da omi bí ẹni tó ń pa iná, ó sì tún un gbìn. Ẹni tó ní ẹkùn ń yà fún òun lọ́nà, ọmọbìnrin ọdún méje ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ewéko sílẹ̀ láìjá gbòǹgbò rẹ̀. “Bàbá ọdẹ, ẹ rọra,” ni ọmọ náà ń wí, “kì í ṣe pé ó fẹ́ sá lọ.” Bí ó bá gun àkàbà ní àárọ̀, orúnkún rẹ̀ a máa ké ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnu dùn-ún-ròfọ́, ó wá mọ bí ẹ̀fọ́ ṣe ń di ẹ̀fọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wà lórí ipele kẹẹ̀ẹ́dógún, ó rí i tí òjò ṣú níhà Òkè-Ìgbín, lọ́nà jíjìn réré. Òjò àkọ́rọ̀ ni. Korobá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wólẹ̀ fún Ìyálóko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Ìyá, ó ku ọjọ́ méje kí wọ́n gé igi orísun wa. Bí omi náà bá gbẹ, èmi ni mo gbẹ ẹ́, nítorí pé...”

“Nítorí pé o ti jó igbó kan rí,” ni Ìyálóko wí.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Eruku tí o dà sókè kí o tó ṣáná ló sọ fún mi. Ẹni tó ń jó nǹkan nígbà àkọ́kọ́ kì í bi atẹ́gùn léèrè. Tèmi tí o jó, o ti tún un ṣe. Tilé ńkọ́?”

“Ààrá ni wọ́n ń dá lẹ́bi, Ìyá.”

“Kí ni ààrá ṣe fún ọ tí o fi di ẹrù rẹ lé e lórí?” Ó ní kí wọ́n kó irúgbìn fún un, kí wọ́n fi ewé kókò di àwọn ọ̀dọ́ ewébẹ̀ fún un, kí wọ́n sì gbé ìbọn rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ó na apá rẹ̀ gígùn sí igbó tó yí wọn ká. “O kò tíì mú igbó rẹ. Èwo lo fẹ́?”

Ọ̀gá mi wo igbó náà. Ìkùukùu wà lórí rẹ̀, òórùn òjò sì ń ti inú rẹ̀ wá. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, Ìyá.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìlú náà, òun nìkan ni kò pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Bí ó ṣe dé ilé láàárín ọjọ́ méje, ó ní ẹyẹ kan ló gbé òun. Mo bi í pé irú ẹyẹ wo ni, ó ní ojú òun wà ní dídì. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹyẹ ni. Ó balẹ̀ sí Òkè-Ìgbín ní àárọ̀ ọjọ́ keje gan-an, gbogbo ìlú sì wà létí Igbó Orísun tàáké-tàáké. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró nídìí igi àkọ́kọ́.

“Ọdẹ́rìndé, o káre, o dé. Igbó tuntun dà?”

“N kò mú igbó wá, Baálẹ̀. Irúgbìn ni mo mú wá, pẹ̀lú iṣẹ́ tí mo kọ́.” Ó tú ẹrù rẹ̀, ó ṣàlàyé ọparun, ó ṣàlàyé omi tó ń kán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣàlàyé èèpo tó ń di ilẹ̀. Ó ní bí ewébẹ̀ bá gòkè, tí wọ́n sì ń fi ìdọ̀tí ilé bọ́ oko àtijọ́, ilẹ̀ náà yóò tún so iṣu, kò ní sí ìdí láti gé igi kan mọ́. Ó sọ òótọ́ pátápátá. Kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ẹnì kan ní, “Ṣé ewúrẹ́ tí o gé ìrù rẹ̀ ló ń gun oko ọ̀hún ni, tàbí erin tí o pa?” Baálẹ̀ nu ojú, ó gbé àáké sókè.

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun wà níwájú Ojúlórúnkún, ẹ̀rù kò ba òun tó bẹ́ẹ̀. Ó wo Àmọ̀kẹ́ tó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó sì mọ ohun tí òun fẹ́ pàdánù. Ó bọ́ sáàárín Baálẹ̀ àti igi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ààrá kọ́ ló sun Igbó Ńlá. Èmi ni. Mo ń lé ọ̀yà. Mo ṣáná, iná bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sá, mo sì purọ́ fún yín. Mo dé ìlú tí mo sọ yìí, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe apọnmi fún oṣù mẹ́ta, ọmọ ọdún méje sì ni ọ̀gá mi. Bí ẹ bá fẹ́ gé nǹkan, ẹ gé mi, kí ẹ fi igi yìí sílẹ̀.”

Ẹ̀rín dá wáí. Àáké wà lókè, kò wálẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Àmọ̀kẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò mọ igi irúgbá mọ́kànlá.

Àmọ̀kẹ́ kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ fún Baálẹ̀. Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí. Gbogbo ìtàn tó ti ń sọ fún mi, òun ló máa ń borí níbẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tí ó ti jẹ́ òmùgọ̀. Kò lọ́gbọ́n tí yóò fi hun irú rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ìlú náà wà.”

Baálẹ̀ ronú. Ó sọ àáké kalẹ̀. Ó ní igi Igbó Orísun yóò dúró títí ilá Ọdẹ́rìndé yóò fi so. Bí kò bá so, kí ẹnikẹ́ni má tún wá bẹ òun.

Ọ̀gá mi kan pẹpẹ rẹ̀ sẹ́yìn ilé, àwọn ará ìlú ń kó èèpo wá fún un, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ̀kẹ́ ń se oúnjẹ, ó ń gbé e kalẹ̀ fún un, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan, kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá, kò sọ̀rọ̀. Ó tó àádọ́ta ọjọ́ tí ilé náà dákẹ́, ọ̀gá mi sì jẹ́wọ́ fún mi pé bí wọ́n bá lu òun, ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹnu, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Omi ló ń pọn.

Ilá so. Ìlú wá wò ó, wọ́n ká a, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí ọparun gé. Àáké kò padà wọ Igbó Orísun mọ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Àmọ̀kẹ́ jáde sẹ́yìn ilé. Ó fọwọ́ kan ewé ilá tó wà ní ipele ìsàlẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ inú ọparun wò, ó ní:

“Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, omi tí ẹ bù sí ti ìsàlẹ̀ yìí kò tó.”

Ọ̀gá mi gbé korobá, ó sáré lọ sí orísun.